Igba Ebè Ọdẹ́tọ́lá

Bí àlejò bá wọ ìlú Ìdí-Emi láyé àtijọ́, tó sì ní kí wọ́n fi ẹni tó mọ iṣu gbìn jù lọ han òun, kò sí ẹni tí yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ronú. Ọmọdé á nàka, àgbà á fi ẹnu júwe: ilé Ọdẹ́tọ́lá ni. Ìlú náà kò sí nínú igbó. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni, ilẹ̀ tí òjò rẹ̀ kì í pẹ́ kó tó kásẹ̀ nílẹ̀, tí ọyẹ́ sì máa ń fẹ́ níbẹ̀ kí àwọn ará ìsàlẹ̀ tó mọ̀ pé ọdún ti ń lọ sópin. Síbẹ̀, iṣu Ọdẹ́tọ́lá máa ń ta. Baálẹ̀ kì í fi iṣu tuntun kan ẹnu kí tirẹ̀ tó dé. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì fẹ́ kí gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n. Bí ó bá ń ti oko bọ̀ pẹ̀lú ọkọ́ léjìká, ńṣe ni yóò máa rìn bí ẹni tí ilẹ̀ ń kí.

Nígbà tó yá, ọ̀dá dé. Lọ́dún àkọ́kọ́, òjò rọ̀ títí ewé iṣu fi gun igi, ó wá dá lójijì bí ẹni tí wọ́n ránṣẹ́ pè nílé. Ewé pọ́n, ó rọ, ó já. Ọdún kejì tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ iṣu kò tilẹ̀ hù. Nígbà tí wọ́n tú ebè wò, èbù tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn gbìn ni wọ́n bá níbẹ̀, ó ti gbẹ bí èèpo igi. Odò ìlú di iyanrìn, àwọn obìnrin ń gbẹ́ ihò sínú rẹ̀ kí wọ́n tó rí omi bù. Àwọn ilé kan di ẹrù wọn, wọ́n sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀, wọn kò sì padà mọ́. Oko Ọdẹ́tọ́lá náà kò yọ sílẹ̀. Ohun tó wà lójú rẹ̀ nígbà náà kì í ṣe ebi nìkan. Ojú ń tì í pé ọ̀dá kò mọ̀ pé òun ni Ọdẹ́tọ́lá.

Opó kan wà ní ìlú náà tó ń jẹ́ Ìbíwùmí, ìkòkò ló máa ń mọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n baba Ọdẹ́tọ́lá ni ọkọ rẹ̀ tó ti kú, nítorí náà ìyàwó ilé ló jẹ́ fún un. Apá òkè lọ́hùn-ún ni wọ́n ti gbé e wá, ìrìn ọjọ́ mẹ́fà gbáko, níbi tí òjò ti ṣọ̀wọ́n ju ti Ìdí-Emi lọ. Ní ìparí ọdún kejì ọ̀dá náà, ó lọ kí ìyá rẹ̀. Nígbà tó dé, ó gbé iṣu mẹ́ta kalẹ̀ níwájú Baálẹ̀ àti àwọn àgbà. Iṣu náà kò gùn, kò tóbi. Ara rẹ̀ dúdú, ó ṣe kókó-kókó, irun sì bò ó lára.

"Mábọ̀dálọ ni wọ́n ń pè é nílé wa, Baba," ni ó wí lórí ìkúnlẹ̀. "Bó bá ti lè hù, òjò mẹ́ta péré tó o. Gbòǹgbò rẹ̀ máa ń wá omi lọ sísàlẹ̀ ni. Ọ̀dá wà lọ́hùn-ún náà, ṣùgbọ́n mo bá ìyá mi, ara wọn le, wọ́n ń jẹun."

Kí Baálẹ̀ tó sọ̀rọ̀, Ọdẹ́tọ́lá ti gbé ọ̀kan nínú iṣu náà sókè, ó ń yí i wò.

"Ṣé iṣu lèyí ni àbí orúnkún arúgbó?" Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín wọn dùn mọ́ ọn, ó sì tẹ̀síwájú. "Láti ìgbà tí ọkọ́ ti ga jù mí lọ ni mo ti ń gbin iṣu. Bí ó bá wá ku ọ̀dọ̀ amọ̀kòkò kí n ti lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbìn ín, ẹ bá mi gbá orí mi mú, ó ti fẹ́ fò lọ!"

Ẹ̀rín tún ta. Ìbíwùmí náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ló ń wò. Baálẹ̀ ní kí wọ́n sun ọ̀kan nínú iṣu náà. Wọ́n sun ún, wọ́n jẹ ẹ́. Ó le díẹ̀ lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó bu òkèlè kan tí kò na ọwọ́ sí èkejì.

Nígbà tí àkókò àtigbìn kù díẹ̀, kò sí èbù iṣu gidi kankan ní Ìdí-Emi mọ́. Wọ́n ti jẹ ẹ́ nítorí ebi. Baálẹ̀ bá yan ọkùnrin mẹ́wàá, wọ́n tẹ̀lé Ìbíwùmí lọ sí ilé wọn. Àwọn ènìyàn rẹ̀ fún wọn ní èbù Mábọ̀dálọ, wọ́n dì í sórí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, wọ́n kó o wálé. Kò pọ̀ tó láti kárí. Baálẹ̀ pe ìpàdé, ó sì là á mọ́lẹ̀.

"Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá le ni kó gbà. Ìlàjì ohun tó bá wà jẹ́ ti ilé rẹ̀. Ìlàjì yòókù, ti ìlú ni. Lára rẹ̀ la ó ti bọ́ àwọn arúgbó tí kò lè roko mọ́, lára rẹ̀ náà la ó ti gé èbù fún àwọn tí kò rí gbà lọ́dún yìí. Nítorí náà, kí oníkálùkù sọ iye tí apá rẹ̀ ká."

Ẹnì kan ní òun yóò kọ ọgọ́ta ebè. Ẹlòmíràn ní ọgọ́rin. Ó kan Àkànó, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí oko rẹ̀ bá ti Ọdẹ́tọ́lá pààlà, tí òun àti ìyá rẹ̀ nìkan ń gbé. Àkànó rọra ní òun rò pé òun lè kọ àádọ́jọ. Ariwo ìyìn ta, wọ́n ń kì í. Ọdẹ́tọ́lá rí i pé ojú ti kúrò lára òun. Ó dìde.

"Igba," ni ó wí.

"Igba ebè?" Baálẹ̀ béèrè.

"Igba, Baba. Bí mo tilẹ̀ ti fi iṣu náà ṣẹ̀fẹ̀, ẹ mọ̀ pé kò sí iṣu tí mi ò lè gbìn."

Èbù tó kù nílẹ̀ kò pé igba. Ọgọ́rùn-ún péré ni. Ìbíwùmí tó jókòó sẹ́yìn àwọn obìnrin sì ní ọgọ́rùn-ún tirẹ̀ tí àwọn ará ilé rẹ̀ dìídì fún un. Ó dìde, ó ní kí wọ́n kó o fún Ọdẹ́tọ́lá.

"Ọkọ mi, ọwọ́ amọ̀kòkò kì í ṣe ọwọ́ aroko," ni ó wí. "Bó bá wà lọ́dọ̀ yín, ọkàn mi balẹ̀."

Ọdẹ́tọ́lá gba èbù náà. Ojú tì í díẹ̀, ṣùgbọ́n ìtìjú náà kéré, ó rò pé iṣẹ́ ọwọ́ òun yóò pa á rẹ́.

Ṣé ọkùnrin tó máa ń kọ igba ebè nígbà kan rí ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọdún ti gorí ọdún, kò sì tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, kódà fún Àsàbí aya rẹ̀, pé ìbàdí òun ti ń dun òun láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ilẹ̀ náà sì le. Bí ó bá ta ọkọ́ mọ́lẹ̀, ńṣe ni ọkọ́ máa ń dún bí ẹni pé orí àpáta ló bà. Ọjọ́ kìíní, ó kọ ogójì ebè. Ọjọ́ kejì, ọgbọ̀n. Ọjọ́ kẹta, ogún. Ní ọjọ́ kẹrin, nígbà tó kọ ìkẹwàá, tí gbogbo rẹ̀ pé ọgọ́rùn-ún, ìbàdí rẹ̀ dì pa, ó sì jókòó sílẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó lè rìn, ó kó ọgọ́rùn-ún èbù yòókù sábẹ́ igi kan létí oko, ó fi ewé bò wọ́n, ó ní òun á padà wá lọ́la.

Lọ́nà ilé, ó bá Àkànó pàdé. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Ẹ̀yin àgbà ń ṣe é! Mo ti fẹ́ béèrè lọ́wọ́ yín: àwa bíi méje ti ń dá ọ̀wẹ̀ láàrin ara wa. Tó bá jẹ́ pé ó kù díẹ̀ fún yín, ẹ jẹ́ kí a yà wá lọ́la. Ọjọ́ kan péré la ó fi parí ẹ̀."

Ohun tó yẹ kó sọ wà lórí ahọ́n rẹ̀. Ìbá sọ pé, "Ọmọ mi, ẹ wá." Ṣùgbọ́n ó wo èjìká Àkànó, ó wo bí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe ń tọ́ bó ṣe ń dìde nílẹ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn ló jáde.

"Ọ̀wẹ̀ kẹ̀? Igba ti pé."

"Igba ti pé!" Àkànó kígbe ìyanu, ó tún dọ̀bálẹ̀.

Kí Ọdẹ́tọ́lá tó wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ tán nílé, ìròyìn náà ti dé ọ̀dọ̀ Baálẹ̀. Baálẹ̀ fi ẹtù kan ránṣẹ́ sí i pé kó fi wẹ ọwọ́ iṣẹ́. Àsàbí se ẹtù náà lọ́bẹ̀. Ọdẹ́tọ́lá jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n kò mọ bí ó ṣe rí lẹ́nu.

Ó ní lọ́kàn láti yọ́ lọ parí iṣẹ́ náà. Àmọ́ odindi ọjọ́ mẹ́jọ ló fi wà lórí ẹní, ìbàdí kò jẹ́ kó dìde. Ó ní àárẹ̀ iṣẹ́ igba ebè ni, gbogbo ènìyàn sì ń kí i kú àárẹ̀. Nígbà tó padà dé oko, tó ká ewé náà sókè, ikán ti wọ inú èbù. Èyí tí ikán kò jẹ ti rà. Ọdẹ́tọ́lá dúró, ó ń wo ohun tí Ìbíwùmí yọ kúrò lẹ́nu ara rẹ̀ fún òun. Ó tún da ewé bò ó.

Lọ́dún náà, òjò mẹ́rin ló rọ̀ lẹ́yìn tí èbù ti hù. Láti ìgbà náà wá, oòrùn nìkan ló kù. Àgbàdo tí àwọn kan gbìn gbẹ síbi tó dúró sí. Ṣùgbọ́n ní oko Mábọ̀dálọ, ewé tutù minimini, bíi pé odò kan ń ṣàn lábẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ènìyàn máa ń yà lọ wò ó. Bí wọ́n bá fẹ́ wo ti Ọdẹ́tọ́lá, á ní ọgọ́rùn-ún tó wà lójú ọ̀nà ni kí wọ́n wò, pé ọgọ́rùn-ún yòókù wà lẹ́yìn òkìtì lọ́hùn-ún, ejò sì pọ̀ níbẹ̀. Wọ́n gbà á gbọ́. Ta ni yóò yẹ ọ̀rọ̀ Ọdẹ́tọ́lá wò lórí iṣu?

Ìkórè dé. Ebè kọ̀ọ̀kan yọ iṣu kọ̀ọ̀kan, kò tóbi, ṣùgbọ́n ó wà. Àwọn yòókù ń ru ìlàjì tiwọn lọ sí àká ìlú lẹ́bàá ilé Baálẹ̀. Àkànó ru márùndínlọ́gọ́rin tirẹ̀ lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ó ń kọrin. Ọdẹ́tọ́lá ní kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ wa ti ilé òun, pé ti ìlú ṣì ń gbó. Wọ́n ní kò burú. Ó wa ọgọ́rùn-ún náà, ó kó o wálé. Òun, Àsàbí, ọmọ márùn-ún àti ìyá Àsàbí tó ti darúgbó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́.

Láti ìgbà náà ni irọ́ ti di iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá bi í lóṣù yìí, á ní iṣu ìlú kò tíì gbó. Bí wọ́n bá bi í lóṣù tó tẹ̀lé e, á ní òun ti wà á, ó wà nínú abà òun lẹ́yìn òkìtì, nítorí ọ̀bọ. Ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Ó ní òun ń dúró kí ara kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ òun yá. Irọ́ kan kì í sì í dá dúró, ó di dandan kó rántí ti àná kí ti òní má bàa tàkò ó. Ó wá di ẹni tí kì í lè jókòó pẹ́ láàrin ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí ẹnì kan bá pe iṣu lórúkọ, á dìde, á ní òun ń lọ sílé.

Ìbíwùmí yà kí i lọ́jọ́ kan. Ó ti rù.

"Ọkọ mi, wọ́n ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn yín," ni ó wí. "Mo sọ fún wọn pé mo mọ̀ yín. Mo ní bí iṣu kò bá pé bó ṣe yẹ lójú yín, ẹ ò ní gbé e jáde fún ìlú. Ẹ má ka tiwọn sí."

Bí ó bá gbá a létí, kì bá dùn ún tó bẹ́ẹ̀. Ó ní, "O ṣeun, ìyàwó wa," ó sì wọlé kó má bàa rí ojú òun.

Nígbà tí iṣu kù díẹ̀ nílé rẹ̀, tí àkókò àtigbìn sì tún ń sún mọ́, Baálẹ̀ ránṣẹ́. Ó ní kí Ọdẹ́tọ́lá má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu mọ́, pé òun yóò rán ogún ènìyàn láti lọ bá a ru iṣu náà láti inú abà. Oníṣẹ́ náà dúró, ó ń retí èsì. Ọdẹ́tọ́lá wo ẹ̀yìn, kò sí ibi tó máa sá gbà.

"Ṣé o ò tíì gbọ́ ni?" ni ó wí, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, oníṣẹ́ sì rò pé ìbínú ni. "Olè ti kó o. Ó ti kó o tán."

Ìlú gbóná. Ní Ìdí-Emi, ẹni tó bá jí iṣu lásìkò ebi, wọn kì í gbà á láyè láti dúró. Ọ̀rọ̀ náà kò sì pẹ́ kó tó rí ibi bà sí. Ta ló bá Ọdẹ́tọ́lá pààlà lóko? Ta ni iṣu ṣì wà nínú àká rẹ̀ nígbà tí ti àwọn ẹlòmíràn ti ń tán? Kò sí ẹni tó rántí pé ẹnu méjì péré ló ń jẹ nílé Àkànó. Baálẹ̀ ní ní ọjọ́ karùn-ún, òun àti àwọn àgbà yóò wá sí ilé Ọdẹ́tọ́lá, wọn yóò bá a dé oko, lẹ́yìn náà wọn yóò ṣí àká Àkànó. Bí ìdí ọ̀rọ̀ bá rí bí wọ́n ti fura, Àkànó àti ìyá rẹ̀ yóò kúrò nílùú.

Ọdẹ́tọ́lá kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó ń tún un sọ fún ara rẹ̀ pé òun kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kejì, Àkànó wá bá a, ó dọ̀bálẹ̀ bí ó ti máa ń ṣe.

"Bàbá, ẹ mọ̀ mí," ni ó wí. "Ẹ bá mi sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá ní kì í ṣe èmi, wọ́n á gbà."

Ọdẹ́tọ́lá yíjú kúrò lára rẹ̀. Àkànó dúró títí, ó dìde, ó sì lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ karùn-ún, Àsàbí gbé agbọ̀n, ó gba oko lọ kí oòrùn tó mú. Àwọn àgbà ń bọ̀ wá jókòó nílé òun, kò sì sí ohun tí òun yóò fi gbà wọ́n lálejò. Iṣu àgbẹ̀yìn nílé, alẹ́ àná ni wọ́n jẹ ẹ́. Ó rò pé bí olè bá tilẹ̀ kó iṣu, kò lè ṣe kó má ṣẹ́ ọ̀kan tàbí méjì kù sílẹ̀. Ó kọjá ọgọ́rùn-ún ebè tí òun fúnra rẹ̀ ti bá ọkọ rẹ̀ wà. Ó gun òkìtì, ó sọ̀kalẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Koríko ló bá níbẹ̀. Kò sí ebè, kò sí abà. Ilẹ̀ náà kò tíì gba ọkọ́ rí. Nígbà tó ń padà, ó rí òkìtì ewé gbígbẹ kan lábẹ́ igi létí oko. Ó fi ẹsẹ̀ tú u.

Nígbà tó wọlé, àwọn àgbà ti jókòó yí àgbàlá ká. Baálẹ̀ wà láàrin, Àkànó àti ìyá rẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, Ìbíwùmí náà wà níbẹ̀. Ọdẹ́tọ́lá rí i pé agbọ̀n orí aya òun ṣófo. Ó tún wo ojú rẹ̀, ó sì mọ̀.

Àsàbí kúnlẹ̀, ó kí gbogbo wọn, kò yọ ẹnì kan sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó yí odó jáde sí àárín àgbàlá, ó gbé ọmọ odó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gún. Igi ń ba igi. Kó! Kó! Kó! Àwọn àgbà ń wo ara wọn.

"Àsàbí," Baálẹ̀ pè é. "Kí lò ń gún?"

"Iṣu ni, Baba."

"Iṣu wo? Mi ò rí nǹkan kan nínú odó."

"Iṣu orí ọgọ́rùn-ún ebè kejì ni, Baba. Ti ọgọ́rùn-ún àkọ́kọ́, a ti jẹ ẹ́ tán lálẹ́ àná. Èyí ló kù nílé yìí. Òun ni mo ní kí n gún fún yín." Omi ń dà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò dúró. Kó! Kó! Kó!

Ọdẹ́tọ́lá fara dà á fún ìgbà díẹ̀. Kò pẹ́. Ó dìde, ó di ọmọ odó náà mú lọ́wọ́ aya rẹ̀.

"Dákẹ́, ìyá Àyọ̀ká. Jẹ́ kó dákẹ́." Ó yíjú sí àwọn àgbà, kò lè gbé orí sókè. "Kò sí olè. Ọgọ́rùn-ún ni mo kọ. Ìbàdí mi ló dì, n ò lè kọ ọ́ mọ́, mo sì sọ pé igba ni. Láti ọjọ́ náà, irọ́ ni mò ń jẹ."

Ìyá Àkànó ló kọ́kọ́ dún, ó fi ìró ìdí rẹ̀ bo ojú, ó ń sunkún. Ọdẹ́tọ́lá rìn lọ síbi tí Àkànó dúró sí, ọmọ tí òun lè bí, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀. Àwọn ènìyàn kígbe pé èèwọ̀. Àkànó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ẹ dìde, bàbá," ni ó wí. "N ò ní kí ẹ dọ̀bálẹ̀ fún mi. Ohun tí mo bẹ̀ yín fún lọ́jọ́ sí kò tó èyí." Ó mú ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n jáde.

Ìbíwùmí béèrè ọgọ́rùn-ún èbù rẹ̀. Ọdẹ́tọ́lá ní ó wà lábẹ́ igi, ikán ti jẹ ẹ́.

"Ọkọ mi, ká ní ẹ ránṣẹ́ sí mi pé ìbàdí ń dùn yín," ni Ìbíwùmí wí, "èmi tí mo jẹ́ amọ̀kòkò yìí, ǹ bá wá kọ ogún ebè."

Baálẹ̀ kò lé e nílùú. Wọ́n pín ohun tó wà nínú àká ìlú wẹ́wẹ́ títí kan ilé Ọdẹ́tọ́lá, àwọn ọmọ rẹ̀ sì jẹ nínú iṣu tí àwọn ẹlòmíràn kó wá. Ilé mẹ́jọ ló yẹ kó rí èbù gbà lára tirẹ̀ tí kò rí i. Wọ́n tún dúró fún ọdún kan sí i. Ọdẹ́tọ́lá máa ń gba iwájú ilé mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ kọjá bó bá ń lọ sóko, kò sì sí èyí tí wọn kò ti kí i dáadáa nínú wọn. Ìkíni náà kò sì fúyẹ́ lára rẹ̀.

Mábọ̀dálọ kárí ìlú nígbẹ̀yìn. Ebi kúrò ní Ìdí-Emi bí ọ̀dá kò tilẹ̀ kúrò. Ọdẹ́tọ́lá ń gbìn ín pẹ̀lú àwọn ọlọ́wẹ̀, nítorí ó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ pé, "Ẹ wá bá mi ṣe é." Àkànó pẹ́ kó tó tún dọ̀bálẹ̀ kí i. Ṣùgbọ́n títí Ọdẹ́tọ́lá fi kú, bí ó bá dárúkọ iye kan nínú ìpàdé, ẹnì kan á rọra dìde láìsọ̀rọ̀, á lọ kà á. Ọdẹ́tọ́lá kì í bínú. Á wo ilẹ̀ títí onítọ̀hún á fi dé.

Ọ̀rọ̀ odó Àsàbí kúrò ní Ìdí-Emi, ó gba ọ̀nà oko dé ìlú mìíràn. Ibi tó bá dé tí wọ́n bá ti bá ẹnì kan tó ń fi ẹnu ṣe ju ọwọ́ lọ, ohun tí àgbà máa ń rán an létí ni pé: Ẹni tó kọ ọgọ́rùn-ún ebè, tó ní igba ni òun kọ, bó bá jẹ ọgọ́rùn-ún iṣu tán, á wá jẹ ọgọ́rùn-ún irọ́.